Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Tí Lẹ́tà Rẹ̀ Ń Kúnlẹ̀

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí mo fi ń wá oúnjẹ láyé àwọn ológun ní àbùkù kan tó máa ń tì mí lójú. Lẹ́tà "d" rẹ̀ kì í dúró sórí ìlà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí mo bá tẹ ọ̀rọ̀ tó ní "d" nínú, àwọn lẹ́tà yòókù á tò gbọọrọ bí ọmọ ilé ìwé láàárọ̀, "d" nìkan ni yóò sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀ wọn, bí ìyàwó tuntun tó kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ. Bẹ́ẹ̀, Odigbo ni mò ń gbé, ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Odigbo sì wà. Kò sí ìwé tí mo lè tẹ̀ tí "d" kò ní kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí àdírẹ́sì kí ọ̀rọ̀ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi ló sọ ẹ̀rọ náà ní Ìyàwó Kékeré. Ó ní inú òun dùn pé òun nìkan kọ́ ló ń kúnlẹ̀ nínú ilé mọ́.

N kò rà á ní tuntun. Atẹ̀wé ni mo jẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan kí wọ́n tó dá wa dúró. Nígbà tí àwọn ológun ní owó kò sí nílé mọ́, wọ́n ka orúkọ wa láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, wọ́n ní kí ẹni tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀. Èmi ni kẹta tí wọ́n pè. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n lu àwọn ohun àtijọ́ tó wà ní ọ́fíìsì náà ní gbànjo, mo sì bá ẹ̀rọ tí mo ti ń tẹ̀ fún ọdún mẹ́fà lórí ilẹ̀, láàárín àwọn àga tí kò ní ẹsẹ̀. Ó dà bíi pé wọ́n dá òun náà dúró. Mo rà á, mo dè é sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi, mo gbé e lọ sílé.

Kẹ̀kẹ́ yẹn, mo gbọ́dọ̀ sọ nípa rẹ̀. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà, ọkọ̀ tí mo wọ̀ láti Benin ya kúrò lójú títì ní kọ́nà kan tí n kì í dárúkọ títí dòní. Àwa mẹ́ta ló fi ẹsẹ̀ ara wa jáde nínú rẹ̀. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, n kò wọ ohunkóhun tó ní ẹ́ńjìnnì mọ́. Kẹ̀kẹ́ ni mò ń gùn láti Odigbo lọ sí Ore láràárọ̀. Bí awakọ̀ kan bá fọn fèrè lẹ́yìn mi, mo ti wà nínú igbó pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ mi kó tó fọn ẹ̀ẹ̀kejì. Àwọn awakọ̀ ojú ọ̀nà yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn sì ń mọ̀ọ́mọ̀ fọn ọ́n kí àwọn èrò ọkọ̀ wọn lè rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ní ìgbà Sáàpù tí nǹkan le yẹn, n kò fi ẹ̀rín du ẹnikẹ́ni.

Mo pa àgọ́ páànù kan sábẹ́ igi fúrúùtù ní Ore, nítòsí ibi tí àwọn ọkọ̀ Oǹdó ti ń kó èrò. Ẹ̀rù mi bá mi débẹ̀. N kì í tẹ ìwé tó bá ti ní "ìjọba" nínú, àfi tó bá jẹ́ pé wọ́n ń kí i kú oríire. Olùkọ́ kan wá lọ́jọ́ kan pé kí n bá àwọn tẹ ẹ̀hónú nípa owó oṣù wọn. Mo ka ìlà àkọ́kọ́, mo dá a padà fún un.

"Ẹ má bínú sà. Lẹ́tà s mi kò ṣiṣẹ́ lónìí."

Ó bẹ̀rẹ̀ wo bébà tó wà lórí ẹ̀rọ. Àwọn "s" tò síbẹ̀ bí èèrà.

"Akọ̀wé, ẹ̀rù ló ń bà yín. Kì í ṣe lẹ́tà s."

"Méjèèjì ni sà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó mú ìwé rẹ̀ lọ.

Àwọn àgbẹ̀ ló ń bọ́ mi. Ẹni tó ní ilẹ̀ ní Araromi-Obu á gba ẹni tí kò ní ilẹ̀ láàyè kó gbin kòkó síbẹ̀, pé bí kòkó náà bá so, kí wọ́n pín oko sí méjì. Kòkó kì í so lọ́dún kan, ohun tí èèyàn sọ lẹ́nu sì lè yí padà kó tó so, nítorí náà wọ́n máa ń fẹ́ ìwé. Èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Wọ́n á wá láti Araromi-Obu, láti Ago Alaye, láti àwọn abà tí n kò mọ ọ̀nà wọn, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, wọ́n á rò fún mi, màá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á gbé e lọ sílé lọ tẹ̀ka sí i níwájú àwọn ẹlẹ́rìí. Ìwé mi kò ní òǹtẹ̀ kankan. Ohun kan ṣoṣo tó ní ni pé wọ́n gbà á gbọ́. Mo máa ń rò ó nígbà tí mo bá ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé: bí wọn kò bá gba ìwé mi gbọ́ mọ́, kí ni mo tún ní tí mo fẹ́ tà?

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ dé ojú rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tó ṣí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà sí òdìkejì títì. Ẹ̀rọ oníná ló ní, ó sì ní jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tó ń tan án. Ìwé tó ń jáde níbẹ̀ mọ́ bí aṣọ Àìkú. Àwọn agbaṣẹ́ṣe àti àwọn ọlọ́jà tó ń ná Ore bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá níwájú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni o, ó máa ń kí mi láàárọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé Ìyàwó Kékeré jí dáadáa?"

"Ó jí. Ó ní kí n kí yín."

Ní tòótọ́, kò jí dáadáa. Rọ́là rẹ̀ ti gan bí òkúta, bébà ń yọ̀ lórí rẹ̀, ìlà tó yẹ kó lọ tààrà ń gòkè bí ẹni tó ń gun òkè. Ríbọ́ọ̀nù ti wọ́n gógó. Ọ̀kan ni mo máa ń lò títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, bó bá ti rẹ̀ ẹ́ jù, màá kán kẹrosíìnì díẹ̀ sí i kí ìńkì tó kù lára rẹ̀ lè jí. Àwọn ìwé tí mo tẹ̀ lọ́dún yẹn, bí ẹ bá gbóòórùn wọn, ẹ ó rò pé inú àtùpà ni wọ́n ti yọ wọ́n.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ là á sílẹ̀. Ó ń ṣa èpò nídìí ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Bàbá Ìbejì, ẹ ta Ìyàwó Kékeré, kí ẹ ra òmíràn."

"Níbo?"

"Wọ́n ní wọ́n pọ̀ ní Benin. Tòkunbọ̀ tí kò tíì gbó."

Mo wo kẹ̀kẹ́ mi tó fara ti ògiri. Ó mọ ohun tí mò ń rò.

"Ẹ lè rán èèyàn."

"Ẹni tí mo bá rán á yan èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá wù ú."

"Ẹ gun kẹ̀kẹ́ lọ nígbà náà. Bí ẹ bá gbéra ní ọjọ́ Ajé, ẹ ó padà dé kí àwọn Ìbejì tó gbéyàwó."

Àwọn Ìbejì náà kò tíì wọ ilé ìwé nígbà yẹn.

Ẹni tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ọ́fíìsì ni mí, bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, bébà ni mo máa ń wá. Mo fa ìlà sí àárín bébà kan lọ́jọ́ kejì. Lápá kan, mo tẹ "Ra òmíràn." Lápá kejì, mo tẹ "Tún un ṣe." Mo to ohun tó burú nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀. Sábẹ́ "Tún un ṣe" mo kọ pé rọ́là kò sí lọ́jà, pé ẹ̀rọ tó ti dàgbà lè tún kú lọ́la, pé "d" ń dójú tì mí níwájú àwọn oníbàárà. Mo mú bébà náà lọ sílé, ìyàwó mi sì kà á lẹ́nu ọ̀nà.

"Sábẹ́ 'Ra òmíràn,' ẹ kọ ọ̀nà Benin lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

"Ó le lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni."

Ó ká bébà náà, ó kì í bọ abẹ́ agolo iyọ̀ ní ilé ìdáná.

Àtúnṣe ni mo yàn nígbẹ̀yìn. Ọkùnrin kan wà ní gáréèjì tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀ńjíníà. Rédíò ló ń tún ṣe, àti ẹ̀rọ ìránṣọ, àti áyọ́ọ̀nù, àti ohunkóhun tí èèyàn bá gbé wá pẹ̀lú ojú ẹkún. Kò gbẹ́kẹ̀ lé iná mànàmáná. Inú àdògán èédú ló máa ń ki irin tó fi ń jó lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń lẹ irin mọ́ irin sí, bí wọ́n bá sì pe ìrun, á fi irin náà sílẹ̀ nínú iná, á lọ kírun, á padà wá bá a tó ti pọ́n. Ó yí Ìyàwó Kékeré dojú bolẹ̀, ó fẹ́ eruku inú rẹ̀ síta.

"Akọ̀wé, ẹ̀rọ yìí lágbára ju èmi àtìwọ lọ. Rọ́là ló kú. Màá wá túùbù alùpùpù tó nípọn, màá fi wọ̀ ọ́ lára bí ìbọ̀sẹ̀."

"Ṣé yóò mú bébà dáadáa?"

"Yóò mú un bí ọlọ́pàá. D rẹ yìí ńkọ́? Lẹ́ẹ̀dì ìdí rẹ̀ ló ṣí. Màá gbé e dìde."

"Bá mi gbé e dìde," ni mo wí. Ọdún mélòó ni mo ti ń wá ẹni tí yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi!

Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà lò lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó gbé e padà, mo ki bébà sí i, mo tẹ "Odigbo" lẹ́ẹ̀mẹwàá. Gbogbo "d" dúró ṣánṣán. Ìlà náà lọ tààrà bí okùn tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Mo pe àǹtí òdìkejì kó wá wò ó, ó sì gbà pé ó dára. Ẹ̀ńjíníà dúró sápá kan, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ìyìn.

Oníbàárà àkọ́kọ́ tí mo fi ṣí i ni bàbá àgbà kan láti Araromi-Obu. Mo ti tẹ ìwé fún un rí. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, kò sì mọ̀wé kà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń tò dáadáa lẹ́nu. Ará Ago Alaye kan fẹ́ gbin kòkó sórí ilẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ ìwé kan náà tí gbogbo wọn ń gbà. Mo tẹ̀ ẹ́, mo kà á fún un, ó ní ó pé. Mo wò ó bó ṣe ń lọ, inú mi sì dùn pé ìwé tó rẹwà jù lọ tí mo tẹ̀ rí ló wà nínú àpò agbádá rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, ọ̀sán gangan, ọ̀kadà kan já a sílẹ̀ níwájú àgọ́ mi. Ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá. Kò jókòó. Èdè Ìkálẹ̀ ló fi sọ̀rọ̀, ó sì gún mi ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ síbí lọ.

"Akọ̀wé, ta lo gbé iṣẹ́ mi fún?"

"Bàbá, èmi ni mo ṣe é. Ẹ̀yin náà jókòó tì mí nígbà tí mò ń tẹ̀ ẹ́."

"Mo jókòó. Ojú mi ni kò bá mi jókòó."

Ó yọ ìwé náà nínú ọ̀rá, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ó fi àtàǹpàkò wọ́ ọ láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí àdírẹ́sì wà ní òdìkejì.

"Níbo ló wà?"

"Kí ni, Bàbá?"

"Ẹni tó ń kúnlẹ̀."

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí n kò mọ̀ láti gbogbo ọdún yẹn. Lẹ́ẹ̀dì ìdí "d" tó ṣí ti jẹ́ kó tẹ̀ síwájú, kó máa fi ìsàlẹ̀ gún bébà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lù ú já. Ní Araromi-Obu, níbi tí àwọn tó mọ̀wé kà kò pọ̀, wọn kì í ka ìwé mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń fọwọ́ kàn. Kókó méjì ní òkè, ọ̀kan fún Odigbo, ọ̀kan fún Oǹdó. Bí àtàǹpàkò bá ti kan méjèèjì, wọ́n á ní, "Ti Akọ̀wé ni," wọ́n á tẹ̀ka. Ẹnì kan ti gbé ayédèrú ìwé wá síbẹ̀ rí, ẹ̀yìn bébà ló sì fi í hàn. Láti ìgbà náà ni baba ti ń kọ́ ọmọ. Èmi tí mo ń tijú "d" mi ni n kò mọ̀ pé òun ni òǹtẹ̀ mi.

"Ará Ago Alaye fọwọ́ kan tìrẹ yìí," Bàbá ní, "ó bá a ní pẹrẹsẹ. Ó ní èmi àti ẹnì kan la lẹ̀dí àpò pọ̀ láti jẹ òun ní oko. Ó ti ń di ẹrù. Àárọ̀ ọ̀la ló ń lọ. Àwọn ará ilé wa sì ti ń yọ ìwé tiwọn nínú àpótí, wọ́n ń fọwọ́ kàn án wò."

Nígbà yẹn, bí ọ̀rọ̀ "ayédèrú" bá ti jáde lẹ́nu ẹnì kan, a kì í mọ ibi tí yóò sùn. Ó lè sùn ní bárékè. Kódà bí kò bá débẹ̀, bí Araromi-Obu bá sọ pé ìwé mi kì í ṣe òótọ́, Ago Alaye á gbọ́ lọ́la, Odigbo á gbọ́ lọ́tùn-únla. Mo rí bẹ́ǹṣì mi bíi pé ó ti ṣófo.

Àǹtí òdìkejì ti sọdá wá. Ọmọ náà fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi bá yín tẹ̀ ẹ́. Ọ̀fẹ́ ni."

Ó na bébà kan tó ti tẹ̀ sí i. Bàbá fọwọ́ kàn án, ó dá a padà fún un kíákíá.

"Ọmọ mi, ó ṣeun. Èyí ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀."

Ẹ̀ńjíníà náà ti dé, nítorí ohùn Bàbá ti dé gáréèjì. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," mo ní. "Máa rín. Èmi ni wọ́n máa mú."

"Kò sẹ́ni tó máa mú ọ. Gbé ẹ̀rọ rẹ, ká lọ fihàn wọ́n."

"Màá gun kẹ̀kẹ́ mi lọ láàárọ̀ ọ̀la."

"Kí o tó dé Araromi-Obu," Bàbá ní, "ará Ago Alaye ti dé ilé rẹ̀, ó ti jẹun, ó ti ròyìn rẹ tán."

Gbogbo wọn ń wò mí. Wọ́n mọ̀, gbogbo Ore ló mọ̀. Mo wo ọ̀kadà tó wà níwájú mi. Mo ronú kan Benin, mo sì ronú kan bẹ́ǹṣì tó ṣófo. N kò lè sọ fún yín pé mo pinnu. Ẹsẹ̀ mi kàn dìde ni.

Bàbá gun ọ̀kan pẹ̀lú ẹni tó gbé e wá. Èmi àti Ẹ̀ńjíníà gun òmíràn, èmi láàárín, òun lẹ́yìn pẹ̀lú Ìyàwó Kékeré lórí itan rẹ̀ àti irin ìjólẹ́ẹ̀dì nínú bẹ́líìtì rẹ̀ bí idà. Mo di ọlọ́kadà mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ikùn mi lẹ mú. Ẹ jẹ́ kí n mí."

"Máa mí díẹ̀díẹ̀," mo ní. "Má sì sáré."

"N kò tíì gbéra."

Nígbà tó gbéra, mo di ojú mi. Mo kọ gbogbo orin ìsìn tí mo mọ̀, mo sì kọ díẹ̀ tí n kò mọ̀. Lẹ́yìn tí a kúrò ní ọ̀dà tí a wọ ọ̀nà igbó, kòtò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní agogo kékeré kan tó máa ń dún bí ìlà bá fẹ́ parí. Gbogbo kòtò tí a bọ́ sí, agogo náà á dún: tíńkín! Àwọn obìnrin tó ru ìdì ẹyìn lójú ọ̀nà yà fún wa kí wọ́n tó gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ewúrẹ́ kan dúró, ó wò wá, ó tún gbọ́ agogo, ó sá.

"Akọ̀wé," Ẹ̀ńjíníà ní létí mi, "ìlà parí, yí rọ́là."

Tíńkín!

"Ìlà tún parí o."

N kò mọ ìgbà tí mo lajú. Ohun tí mo rántí ni pé a ti kọjá odò kékeré kan, ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ gba àárín àwọn igi kòkó, mo sì gbọ́ ẹnì kan tó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni.

Ará Ago Alaye wà níwájú ilé Bàbá, ẹrù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èèyàn ti pọ̀ níbẹ̀, àwọn kan mú ìwé àtijọ́ lọ́wọ́. Mo gbé ẹ̀rọ lé orí àpótí, mo kí wọn, mo tẹ àdírẹ́sì lójú gbogbo wọn. Ará Ago Alaye gba bébà, ó yí i padà, ó fọwọ́ wọ́ ọ. Ó mi orí.

"Ọwọ́ Akọ̀wé ni, mo rí i. Ẹ̀rọ rẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n bí èmi bá kú, tí ọmọ mi gbé ìwé yìí jáde, tí ẹni tó ni ilẹ̀ fọwọ́ kàn án, kí ni yóò bá?"

Òótọ́ ló sọ.

Bàbá yíjú sí Ẹ̀ńjíníà. "Ìwọ lo gbé e dìde?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Bá wa dá a padà sí orúnkún rẹ̀."

Ẹ̀ńjíníà wò mí. Ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀. "Akọ̀wé, láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí rí pé kí n ba ohun tí mo tún ṣe jẹ́."

"Mo bẹ̀ ọ́," mo ní.

"Má sọ ọ́ ní gáréèjì."

"N kò ní sọ ọ́."

Àwọn obìnrin ń se ẹyìn lẹ́yìn ilé, epo ń hó nínú àgbá. Ọ̀kan nínú wọn fi páànù kó ẹyin iná wá. Ẹ̀ńjíníà ki irin rẹ̀ bọ inú rẹ̀, gbogbo wa dúró tì í. Nígbà tó pọ́n, ó fi kan ìdí "d", lẹ́ẹ̀dì yọ́, ó sì fi ìṣó rọra tì í sísàlẹ̀.

"Ó tó?"

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Èmi tí mo ti ń fi báírò bo àbùkù náà láti gbogbo ọdún yẹn wá. "Sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó máa ń kúnlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Kó sì tẹ̀ síwájú," obìnrin tó kó iná wá ní. "Kó kúnlẹ̀ dáadáa, kó má ṣe bí ọmọ tí wọ́n fipá mú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. A dúró kó tutù. Mo ki bébà tuntun sínú ẹ̀rọ, rọ́là tí wọ́n fi túùbù alùpùpù wọ̀ sì mú un ṣinṣin. Mo tẹ ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò ṣe àṣìṣe kankan. Mo yọ ọ́, mo fi ọwọ́ méjèèjì na án sí Bàbá.

Ó yí i padà. Àtàǹpàkò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òsì, ó lọ díẹ̀, ó dúró. Ó tún lọ, ó tún dúró. Ó na ìwé sí ará Ago Alaye, òun náà sì ṣe bẹ́ẹ̀, ó pẹ́ lẹ́nu ti kejì.

"Òun ni," ó ní. Ó gbé ẹrù rẹ̀ padà sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ gbé ìńkì wá."

Wọ́n tẹ̀ka. Àwọn tó kó ìwé àtijọ́ wá náà ká a padà sínú ọ̀rá. Wọ́n fún wa ní iṣu sísun àti epo tuntun, Bàbá sì fún Ẹ̀ńjíníà ní àkùkọ kan nítorí pé, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ, ó ṣòro kí èèyàn rí oníṣẹ́ tó gbà láti gbé iṣẹ́ rẹ̀ sọ nù.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí ọ̀kadà já mi sílẹ̀ ní Odigbo. Ìyàwó mi ń fọ ẹ̀gẹ́ níwájú ilé. Ó wo ọlọ́kadà, ó wo ẹ̀rọ tó wà láyà mi, ó wo èmi tí mò ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ohun tó ní ẹ́ńjìnnì.

"Bàbá Ìbejì. Kẹ̀kẹ́ yín dà?"

"Ó wà ní Ore. Ìyàwó Kékeré ló gbé mi jáde."

Ó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e wọlé, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un láti orí "Níbo ló wà?" títí dé orí àkùkọ. Ó ní kí n tẹ Odigbo fún òun. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó yí ẹ̀yìn bébà náà, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ wá a títí ó fi rí i.

Lẹ́yìn náà ó lọ dáná oúnjẹ alẹ́. Mo rí i tó fa bébà kan yọ lábẹ́ agolo iyọ̀, èyí tí mo kọ ọ̀nà Benin sí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó fi ṣáná sí i, tó kì í bọ abẹ́ igi. Ó tètè gbaná, nítorí kẹrosíìnì.